ÒṢÓMÀÁLÓ: Orúkọ Ẹ̀gàn Ni Tàbí Orúkọ Iyì?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àlọ́ kan ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ fa àpótí kéékèèké mẹ́jọ sórí ìwé, kí lẹ́tà kan wọ inú àpótí kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe àlọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní crossword. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nìyí: “Aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tí kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gba owó rẹ̀.” Ọmọ Iléṣà kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Òṣómàáló ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ní ọjà kan ní Òṣogbo láìpẹ́ yìí, ìyá aláṣọ kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ béèrè owó àǹkárá tí aládùúgbò rẹ̀ ti gbà láwìn láti oṣù mẹ́rin. Kàkà kí onígbèsè bẹ̀bẹ̀, ńṣe ni ó pariwo pé, “Ẹ wá wo òṣómàáló o!” Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Olówó ni ojú wá tì. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ojú tì í?

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò. Arthur Wynne ni ó kọ́kọ́ gbé irú àlọ́ inú àpótí yìí jáde, nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1913. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ èdè Yorùbá sínú àpótí láìfi àmì ohùn sí i, ewu ń bẹ. Bí ọmọ iléèwé bá ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí “oṣó”, ẹgbẹ́ àjẹ́ ni ó dárúkọ yẹn. Òṣó tí à ń wí ni ti ẹni tí ó lóṣòó, tí ó ká orúnkún méjèèjì, tí ìdí rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀. Odidi gbólóhùn ni a ká di orúkọ: “Òṣó ni mà á ló títí mà á fi gba owó mi.”

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní Òṣogbo, tí kò ju nǹkan bí ogún máìlì sí Iléṣà lọ, ìtàn sọ pé Láròóyè, tí ó ti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, tẹ́wọ́ gba ẹja létí odò Ọ̀ṣun. Láti inú “a-tẹ́wọ́-gba-ẹja” ni oyè Àtáọ́ja ti jáde.

Báwo wá ni Ìjẹ̀ṣà ṣe di òṣómàáló? Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjí ní ọdún 1886. Ọ̀nà ń là díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó ń kó ẹrù Èkó bọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ, wọ́n ń gbé e lérí, nígbà tí ó yá wọ́n ń dì í mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń kiri láti abúlé dé abúlé, kọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ yóò gba aṣọ nígbà tí ọwọ́ bá dá, yóò sì ṣèlérí àtisan bí ó bá ta kòkó. Kò sí ìwé, kò sí oníduró. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni.

Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ń sá, kí ni àlejò tí kò ní ẹbí ní abúlé náà yóò ṣe? Yóò jí dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì lóṣòó. Bí wọ́n bá ní kí ó jókòó, kò ní jókòó. Ẹni tí ó bá jókòó ti gba àlejò. Ẹni tí ó bá dúró lè máa lọ. Ẹni tí ó lóṣòó ń retí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Ìjẹ̀ṣà ni ó kọ́kọ́ jókòó ti onígbèsè. Láyé àtijọ́, ológò wà, ẹni tí olówó bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, kí ó máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Samuel Johnson kọ nípa àṣà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Òṣómàáló kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá, owó ara rẹ̀ ni ó sì ń béèrè.

A kò sọ pé kò sí àṣejù níbẹ̀. Iye aṣọ àwìn a máa ga ju ti owó ọwọ́ lọ, ìtìjú tí a fi kan onílé lójú ìyàwó àti ọmọ a sì máa dunni. Lónìí pàápàá, àwọn ayánilówó kan wà lórí fóònù tí ń fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀. Èyí burú ju òṣómàáló lọ, nítorí ẹni tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ ṣì ń wò ọ́ lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ máa kọ àwìn sílẹ̀ lójú ẹni tí ó gbà á, kí ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ kí aṣọ tó kúrò ní ìsọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín ní òṣómàáló lójú ọjà, ẹ má tún gèlè wé kí ẹ máa lọ. Ẹ dá a lóhùn pé: “Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ ni mo ṣe fún ọ láwìn. Ìwọ tí o kò san án ni o sọ mí ní orúkọ.”