Nọ́ọ̀sì Tí Ó Ń Bi Ẹ̀rọ Léèrè



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí í ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan wá bá mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ààfáà, èmi nìkan ni mo ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, dókítà kò sí nítòsí. Ṣé kò burú bí mo bá ń bi ẹ̀rọ inú fóònù mi léèrè kí n tó fún aláìsàn lóògùn?" Mo ní kí ó fún mi láyè láti wádìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní ọdún 2025, ní ìlú Nairobi ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Penda Health àti OpenAI dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn 15, lórí ìbẹ̀wò aláìsàn 39,849. Àwọn òṣìṣẹ́ kan lò ó, àwọn kan kò lò ó. Òṣìṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò, tí yóò sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ yóò kà á. Bí ó bá fi àwọ̀ ewé hàn, kò rí àléébù. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, kí ó tún un wò. Bí ó bá jẹ́ pupa, ewu wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ìpinnu wà.

Àṣìṣe àwọn tí ó lò ó nínú mímọ àìsàn fi ìdá 16 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù, ti ìtọ́jú sì fi ìdá 13 dín. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tí ó dájú pé àwọn aláìsàn tètè gbádùn ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń rí pupa, wọ́n ń gbójú fò ó. Ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tọ́ wọn sọ́nà ni wọ́n tó ń kọbi ara sí i.

Nítorí náà ni mo ṣe dá ọmọ mi yìí lóhùn pé: abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú fóònù rẹ kọ́ ni èyí tí wọ́n dán wò ní Nairobi. Fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ yẹ aláìsàn wò ná. Má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, nítorí àṣírí rẹ̀ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ rẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára rẹ, fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ọ dúró.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ kì í dípò dókítà. Bí ẹ bá fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀rọ, ẹ fún wọn ní olùkọ́ pẹ̀lú. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ kọ́ ni Ọlọ́run yóò bi léèrè lọ́la, àwa ènìyàn ni.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.