Ìgò Oògùn àti Ẹ̀mí Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ó kan ilé olúkúlùkù wa ní Ìfọ́n yìí. Ṣàṣà ni ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ láti ìhín lọ sí Òṣogbo tí kò ní gbọ́ ohùn ẹni tí ń polówó oògùn. Ṣàṣà sì ni ilé tí ọmọ ọwọ́ wà tí a kò ní bá ìgò oògùn olómi lórí fèrèsé. A kò wá láti bú oògùn. Lúùkù mímọ́ fúnra rẹ̀, oníṣègùn ni. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé orúkọ rere tí a kọ sára ìgò kò tó láti sọ oògùn di rere. Ohun méjì ni a ní láti wò: ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti ìwọ̀n tí a fi ń lò ó. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, ohun tí a rà fún ìyè lè di ti ikú.

Ẹ̀kínní: ohun tí ó wà nínú ìgò

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbàgbé òpin ọdún 2008. Nígbà náà ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wọn wá sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ náà ń bì, inú wọn ń ṣí, lẹ́yìn náà wọn kò sì tọ̀ mọ́. Nígbà tí a wádìí ohun tí wọ́n ti lò, a bá oògùn eyín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin. Ilé-iṣẹ́ Barewa Pharmaceuticals ní Èkó ni ó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ ni, kì í ṣe ilé ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ìgò tí ó ti jáde lọ sí ọjà kò ṣeé kó padà ní ọjọ́ kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2009, ìjọba kéde pé 84 ọmọdé ni ó ti kú.

Báwo ni èyí ṣe ṣẹlẹ̀? Parasitamọ́ọ̀lù wà nínú oògùn náà, èyí tí kì í fẹ́ yòrò dáadáa nínú omi lásán. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe oògùn fi máa ń lo omi mìíràn tí ó ki tí ó sì dùn, bí propylene glycol tàbí gilisirínì, láti yò ó. Ṣùgbọ́n omi mìíràn wà tí a ń pè ní diethylene glycol. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni a ń lò ó fún, owó rẹ̀ sì kéré. Ó mọ́ gaara bí ti àkọ́kọ́, ó ki bákan náà, ó sì dùn lẹ́nu. Ojú kò lè yà á sọ́tọ̀, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wọ inú ara, kíndìnrín, tí í ṣe asẹ́ ara, ni ó máa ń bà jẹ́. Òun ni ó fà á tí ọmọ kò fi ní tọ̀ mọ́, tí ìdọ̀tí ara yóò sì máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi búburú yìí ni a rà sí ipò èyí tí ó dára, a kò sì dán an wò bí ó ti yẹ kí a tó lò ó.

Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin ìgbà Èlíṣà, tí ó já èso ìgbẹ́ tí kò mọ̀, tí ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Kò ní èrò láti pa ẹnikẹ́ni. Àìmọ̀ àti àìbéèrè ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn tiwa, àìmọ̀ kò lè jẹ́ àwáwí, nítorí a ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1937, omi yìí kan náà pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn sì mú kí wọ́n ṣe òfin oògùn líle ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1990, ó wọ inú oògùn ibà àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos. 47 ọmọ ni àwọn dókítà kà ní Jos nìkan. Lẹ́yìn ti My Pikin pàápàá, ní ọdún 2022, bí 70 ọmọ ni ó kú ní Gáńbíà, tí a sì rí omi búburú náà nínú oògùn ikọ́ àti ti òtútù tí a kó wá láti Íńdíà. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún òṣìṣẹ́ méjì nítorí My Pikin. Ẹ̀wọ̀n kò jí ọmọ kan dìde.

Ẹ̀kejì: ìwọ̀n

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Bí ohun inú ìgò bá ti dára, kò séwu mọ́.” Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn kan wà tí a ń pè ní cystic fibrosis, tí a máa ń bí mọ́ ọmọ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó ju ti àwa aláwọ̀ dúdú lọ. Oje tí í máa lọ oúnjẹ nínú ìfun kì í dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ a sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. A ń fún wọn ní oje bẹ́ẹ̀ tí a yọ láti ara ẹlẹ́dẹ̀, tí a dì sínú kápúsù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ti mú sanra. Nígbà tí ó yá, a ṣe èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà ní Liverpool kọ̀wé nípa ọmọ márùn-ún tí wọ́n lo alágbára yìí, tí ìfun ńlá wọn sì fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò ráyè kọjá. Ní ọdún 1995, a pààlà sí i: kí lílò ọmọ má ṣe ju 10,000 ìwọ̀n lípéèsì lọ lójúmọ́ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. A kò pa oògùn náà tì, nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lè ṣe aláìlò ó. Ìwọ̀n ni a tún ṣe.

Àwọn baba wa wí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ sì gba Tímótì nímọ̀ràn wáìnì nítorí inú rẹ̀, ó fi ìwọ̀n sí i pé kí ó jẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Kí a mọ̀ pé eyín híhù kì í ṣe àrùn. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rẹ, tí ọmọ ń rún, tó láti tù ú lára. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an, kí a má ṣe wí pé eyín ni. Ó lè jẹ́ ibà, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí a ra oògùn ní ilé ìtajà tí ó ní àṣẹ, kì í ṣe nínú ọkọ̀ tàbí lórí àtẹ. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ìdérí bóyá a ti ṣí i rí.

Kí a fi ohun ìwọ̀n tí ó bá ìgò wá wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Bí ọmọ bá ń sunkún, kí a má ṣe tún un fún un kí àkókò tó pé. Kí a sì ṣọ́ra fún oògùn méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ tí ohun inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí ọmọ tí ń lo oògùn bá ń bì, tí kò sì tọ̀, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Kí a gbé ọmọ, kí a gbé ìgò náà pẹ̀lú, kí a sì lọ. Nípa ìgò ni àwọn dókítà yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Bí NAFDAC bá kéde oògùn kan, kí àwọn akọ̀wé ìjọ kà á sétí ìjọ bí a ti ń ka ìkéde ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá ní irú ìgò náà nílé kò gbọdọ̀ wí pé, “Mo ti fi owó rà á.” Owó ìgò kò tó owó pósí.

Ní ìparí, a fẹ́ bá ìjọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bu oògùn náà, ẹnu ọmọ wọn ni wọ́n fi sí, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún wọn pé àwọn ni wọ́n pa ọmọ wọn. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ẹni tí ó ta ohun tí kò mọ̀, àti ẹni tí ó yẹ kí ó dán an wò tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa ni láti tù wọ́n nínú, kí a sì ṣọ́ àwọn ọmọ tí ó kù. Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń ríran. Àmín.