Àjọṣepọ̀ àti Ìgbówókalẹ̀ fún Ìyípadà Tó Máa Tọ́jọ́: Ẹ̀kọ́ láti Ara Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Ìfáárà

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ìjọba, yunifásítì àti àjọ aṣèrànwọ́ bá pawọ́ pọ̀, iṣẹ́ ńlá lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wò ni bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè dúró lẹ́yìn tí ìtara ìbẹ̀rẹ̀ bá ti lọ.

Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà gbé owó kalẹ̀. Yunifásítì pèsè ìmọ̀ àti ìwé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn náà lọ́wọ́ sí i. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Láti Ifẹ̀ dé Àbújá

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i fún gbogbo ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n mínísítà ìgbà náà sọ pé ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá tó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba wọ́gi lé e. Ìfìdírẹmi nínú ìdánwò ni wọ́n fi ṣe ìdí. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba: ní Ifẹ̀, owó, ìwé àti olùkọ́ bá ètò náà rìn, ní ọdún 2022, àṣẹ ló ṣíwájú wọn.

Àbá àti Ìkádìí

Òfin UBE ti ọdún 2004 fi ọ̀nà kan hàn wá. Ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó gba èyí tó kàn án. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ sí iṣẹ́ kò ní tètè fi í sílẹ̀. Nítorí náà, a dá a lábàá pé:

1. kí gbogbo àdéhùn pẹ̀lú àjọ aṣèrànwọ́ sọ ìjọba tí yóò gba iṣẹ́ náà, àti ọdún tí yóò fi í sínú ìṣúná rẹ̀;
2. kí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń fi èdè abínibí kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí àṣẹ mìíràn tó dé.

Bí àṣẹ bá tún dé tí kò bá olùkọ́ nílẹ̀, ẹ̀bi náà yóò kàn wá.