Ṣé o mọ̀? Láwàní, hìjáàbù àti irun Dàda

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà tí abẹ kì í kan orí wọn, bíi ti Dàda? Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ni, láti Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà. Láàárọ̀, ẹni tó di ẹ̀sìn náà mú ṣinṣin á ya irun rẹ̀, á ká a jọ sí àtàrí, á ki ìyarun kékeré onígi bọ̀ ọ́, kó tó wé láwàní lé e. Bí o bá ní kó ṣí i, o ti tàbùkù rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1967, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Sikh kan ní Wolverhampton ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, Tarsem Singh Sandhu, dé ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú láwàní àti irùngbọ̀n, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé? Àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ìwọ́de, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní 1969, ìjọba ìlú gbà fún wọn.

Láti 1976 ni òfin Bìrìtéènì ti gbà kí Sikh tó wé láwàní gun alùpùpù láìdé akoto. Ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, ẹ rántí January 2009, nígbà tí akoto di dandan fún wa ní Nàìjíríà.

Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtéènì dá ẹjọ́ ọmọ kan tí iléèwé kọ̀ nítorí láwàní: ẹ̀yà ni Sikh, òfin tó dáàbò bo ẹ̀yà dáàbò bò wọ́n. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga ní London tún sọ pé iléèwé tó lé ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nítorí irun dídì ṣe ojúsàájú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nílé ńkọ́? Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, gbé ìjọba Èkó lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin má lo hìjáàbù níléèwé. Wọ́n pàdánù ní 2014, wọ́n borí ní 2016, ó sì di 17 June 2022 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà tó parí rẹ̀: adájọ́ márùn-ún nínú méje dá wọn láre.

Ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn kò mọ sí ohun tí a wé mórí nìkan. Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣàgámù tiwa, ìlú tí àdúgbò Òfin àti ààfin ọba wa, Akarigbo, wà, tí Sábó àwọn Hausa náà sì wà? Ní July 1999, ọ̀rọ̀ ọdún Orò di ìjà láàárín Yorùbá àti Hausa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ó sì ran dé Kano láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó dùn mí títí di òní, nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà ni. Oníṣẹ̀ṣe ní ẹ̀tọ́ sí ọdún rẹ̀. Ní August 2023, ìjọba Ògùn fún wọn ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Àlejò tí kì í ṣe ọmọ awo náà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí àti ìrìn rẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ kó pa ìkejì.

Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ó sì ní a kò gbọ́dọ̀ fi ipá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọmọ aládùúgbò rẹ nílé ìwé nítorí ohun tó wé mórí, jọ̀ọ́, bá òbí rẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá iléèwé, kí o sì mú abala náà dání.