“Sà” nínú eré Morse àti Lewis

Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní “ẹ” tàwa tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. “You” kan náà ni fún ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Sà ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo eré ọlọ́pàá Morse, ní Oxford, 1987 sí 2000: Lewis ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní sà, Morse kàn ń pè é ní Lewis ṣáá, á tún máa tún gírámà rẹ̀ ṣe. John Thaw tó ṣe Morse kú ní 2002. Nígbà tí eré Lewis bẹ̀rẹ̀ ní 2006, Kevin Whately náà ni, ohùn àríwá rẹ̀ kò yí padà. Hathaway tó kàwé ní Cambridge ló wá ń pè é ní sà. Lewis kì í sì í fi halẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Morse lọ o. Ẹ̀yin tí mo tún gírámà yín ṣe lójú gbogbo kíláàsì nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.