Ojú Ọjọ́ àti Ọgbà Ilé-Ìwé Wa: Ìwé Ìlàlóye fún Olùkọ́ àti Òbí ní Ìlárá-Mọ̀kín

Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni pé òjò tí àwọn baba wa fi ń mọ ìgbà tí a ń kọ ebè kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ bí ti àtijọ́: ó lè tètè bẹ̀rẹ̀, kí àgbẹ̀ gbin àgbàdo, kí ó sì dáwọ́ dúró títí ohun tó hù yóò fi gbẹ, ó lè bá ìjì dé, kí ó ṣí páànù ilé-ìwé dànù, ó sì lè rọ̀ láìdáwọ́dúró nígbà tí kòkó wà lórí igi, tí àrùn tí ń sọ èso di dúdú yóò sì sọ wàhálà ọdún kan di òfo.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Èéfín epo, gáàsì àti èédú tí aráyé ti ń sun láti ọjọ́ pípẹ́, àti igbó tí à ń pa run, ti kó káábọ́nì jọ sí òfurufú, ó sì bo ayé bí kúbùsù, kò jẹ́ kí ooru jáde bó ti yẹ. Àwọn tí wọ́n sun jù lọ kọ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù lọ. Ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ ní 2021, òfin náà sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ẹ̀kọ́ ní gbogbo ipele.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ rí lójú ni ó máa ń bá a dàgbà. Bí olùkọ́ bá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó àyíká ní aago mẹ́wàá, tí wọ́n sì kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ sẹ́yìn kíláàsì ní aago méjì, tí wọ́n ṣáná sí i, tí èéfín olóró rẹ̀ ń wọ̀ wọ́n nímú, ẹ̀kọ́ aago méjì ni yóò borí. Nítorí náà, a ń rọ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ọgbà ilé-ìwé fúnra rẹ̀ di ìwé tí ọmọ ń kà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwọn òjò. Ẹ wá ike omi ńlá tí ara rẹ̀ gún, ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ dojú orí náà dé e bí àrọ. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti omi dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kò tẹ́jú, kí ẹ fàlà sí ibi tí omi náà dé. Láti orí àlà yìí ni ẹ ó ti máa fi rúlà wọn òjò. Ẹ gbé e sí gbangba, jìnnà sí òrùlé àti igi. Láràárọ̀, kí ọmọ méjì kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì da omi òjò náà nù títí kan àlà. Ẹ má ṣe fojú kéré iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìwé tí a kọ lọ́dún mẹ́wàá láìfo ọjọ́ kan níye lórí ju ìrántí àgbà lọ, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì wà nítòsí wa, ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn láti 1981, tí a lè tọ̀ lọ fún àlàyé.

Olùkọ́ ìṣirò náà yóò rí iṣẹ́ ṣe. Mìlímítà òjò kan lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 20, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò gba nǹkan bí lítà 2,000 nígbà tí mìlímítà 10 bá rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ yóò ṣòfò. Ẹ gbé ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ sí etí páànù, kí ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí orí rẹ̀ lọ, kí ẹ tó gbe ìyókù sínú àgbá tí a dé pinpin nítorí ẹ̀fọn. Omi yìí wà fún ọwọ́ fífọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọgbìn. Kì í ṣe fún mímu. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé gbígbá kì í ṣe ìdọ̀tí: ẹ kó wọn sínú kòtò, kí ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ sáàárín wọn, kí ẹ máa yí i padà, yóò jẹrà di ajílẹ̀. Ọ̀rá àti ike ni kí ẹ kó sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń rà wọ́n.

Ní ti igi, a ti rí ọ̀pọ̀ tí a fi ìlù àti orin gbìn, tí ewúrẹ́ sì jẹ kí oṣù tó parí. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ sọgbà yí i ká. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Apá ibẹ̀ ni kí ẹ to igi sí, jìnnà sí ògiri, kí ó lè gba ìjì dúró kí ó tó dé òrùlé. Mọ́ńgòrò àti àgbálùmọ̀ yóò fún ọmọ ní èso, afárá àti ìrókò yóò sì dúró de àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ni ó máa ń pa igi jù, ìsinmi Kérésìmesì sì máa ń bọ́ sí àárín rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ yan àwọn ìdílé tí ilé wọn sún mọ́ ọgbà láti máa bomi rin wọ́n títí ilé-ìwé yóò fi wọlé, kí wọ́n sì fi irúgbìn mìíràn rọ́pò èyí tó bá kú kí òjò tó tẹ̀lé e tó lọ.