Alùpùpù tuntun ni, àbí èyí tí ẹlòmíràn ti gùn?

Nígbà tí àgbàdo bá kúrò lóko, tí a sì ti ta díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ronú àtira alùpùpù. Ìdí rẹ̀ wà. Oko jìnnà, ọjà jìnnà. Bí obìnrin bá ń rọbí lóru ní abúlé tí kò sí ọkọ̀, alùpùpù ló sábà máa ń gbé e dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà a kò ní sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò ni pé, ṣé tuntun ni kí a rà, àbí èyí tí ẹlòmíràn ti lò, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní òkàsíọ̀n?

Owó ọjọ́ kìíní nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ ni iye tí a kọ síbí. Ẹ fi iye ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní tuntun jẹ́ 450 000 fúráǹkì, tí èyí tí wọ́n ti lò jẹ́ 220 000. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n ti lò rò pé 230 000 ṣẹ́ kù sí òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í mu òróró. Àtúnṣe rẹ̀ gba 60 000. Táyà méjì àti ṣéènì gba 45 000. Owó náà ti di 325 000. Ó ṣì kéré sí ti tuntun, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́ mẹ́wàá tí alùpùpù fi sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́ ọn, bí ó bá bọ́ sí àsìkò tí tòmátì ń pọ́n. Tòmátì kì í dúró de mẹkáníìkì.

Epo náà ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà dá owó tí ó fi ń dín iye epo kù dúró. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú epo inú ìgò tí à ń rà létí ọ̀nà ní Kétu àti ní Pọbẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ó wọ́n lọ́dọ̀ tiwa pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó máa ń mu epo ju bó ti yẹ lọ.

Tuntun náà ní wàhálà tirẹ̀. Kí ẹ tó yan irú èyí tí ẹ máa rà, ẹ lọ bá mẹkáníìkì tó wà nítòsí yín. Ẹ bi í pé: «Ọ̀gá, èwo nínú wọn lẹ lè tú, tí ẹ ó sì rí ohun èlò rẹ̀ nítòsí?» Bí ó bá jẹ́ Kútọnu nìkan ni wọ́n ti ń ta ohun èlò rẹ̀, ó lè bàjẹ́ ní Ṣábẹ̀ kí ó sì wà nílẹ̀ títí. Tèmi, bí mo bá mọ ẹni tó ti gùn ún, tí mo mọ̀ pé ó ń pààrọ̀ òróró rẹ̀ lásìkò, màá fẹ́ràn tirẹ̀ ju tuntun tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe ládùúgbò lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe zémidjan máa ń gba tuntun láti san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó gbà. 12 000 lọ́sẹ̀ dà bí owó kékeré, ṣùgbọ́n fún ọgọ́ta ọ̀sẹ̀, 720 000 ni. Ẹ má sì ta àgbàdo tí ilé máa jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí irúgbìn, nítorí alùpùpù. Owó akoto méjì náà wà lára owó alùpùpù: ọ̀kan fún ẹni tó ń wà á, ọ̀kan fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò lẹ fẹ́, ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀, kí mẹkáníìkì yín bá yín lọ. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé: «Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì pé ọdún kan tó dé.» Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rọra fi ọwọ́ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣáná sí i. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣáná sí i kí ẹ tó dé, bóyá nítorí pé kì í tètè dáhùn bí ó bá tutù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ nini, ẹ gùn ún díẹ̀, kí ẹ tún wò ó bóyá òróró ń jò. Ẹ wo èéfín. Alùpùpù tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀ máa ń rú èéfín díẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí èyí tí a kì í po òróró mọ́ epo rẹ̀ bá ń rú èéfín aláwọ̀ aró, òróró ló ń jó nínú rẹ̀.

Ènìyàn lè dá nọ́ńbà kìlómítà padà sẹ́yìn. Ẹ wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀: bí ó bá ti jẹ tán, tí kìlómítà sì ń sọ pé 5 000, irọ́ ni. Kí ẹnìkan gùn ún lọ síwájú níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, kí ẹ dúró sẹ́yìn. Bí táyà ẹ̀yìn kò bá tẹ̀ lé ti iwájú bó ti yẹ, ó lè jẹ́ pé ó ti ṣubú rí tí irin rẹ̀ sì wọ́.

Ó ku ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kàwé báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún yín. Ẹ mú káàtì gíríìsì lọ́wọ́, kí ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin alùpùpù, kí ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan kò bá bá ti inú ìwé mu, tàbí tí wọ́n ti fi nǹkan ha nọ́ńbà náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ti olè, bí ọlọ́pàá bá sì gbà á, owó yín ti lọ nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ kọ ìwé títà méjì: ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà náà, orúkọ ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á, àti ti ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ kọ orúkọ yín sí i fúnra yín. Ẹ má tẹ̀ka mọ́.